Àbújá, Níbi Tí ‘Bẹ́ẹ̀ Ni’ Ti Ń Di ‘Bẹ́ẹ̀ Kọ́’

Ẹni tó bá gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú wọ Àbújá, tó sì kọjá ẹnubodè ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní City Gate, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ yà sórí ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ lòun wọ̀. Títì ibẹ̀ gbòòrò, kò sì sí agbo ilé tó kẹ́yìn sójú títì bíi tiwa ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Eagle Square ni òkè Aso yóò yọ gàǹgà níwájú, òkúta ńlá tó dà bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ìlú. Níwájú òkè yìí ni òrùlé rìbìtì kan wà, aláwọ̀ ewé, tí a máa ń rí lókèèrè kí a tó rí ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìyẹn. Ilé ààrẹ kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà wà nítòsí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe àdúgbò náà ní Three Arms Zone, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣọ́ ara wọn bí orogún mẹ́ta nínú agbo ilé kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ síbẹ̀, ẹwà ilé náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọjá lọ. Èmi ò bá wọn jiyàn lórí ẹwà. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú ilé yẹn tí fọ́tò kò lè gbé, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nílé yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyin a máa balẹ̀ kí wọ́n sì tún un gbé dìde. Ohun tí àwọn aṣòfin ti pinnu lówùúrọ̀ lè yí padà kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tí wọ́n pa lóṣù Keje lè jí dìde lóṣù Kẹwàá. Ṣé ìwà àgbà nìyẹn, àbí ìwà àìnítìjú?

Awakọ̀ tó gbé mi lọ ní tirẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà. Ọmọ Ìbàdàn ni. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ṣé ilé tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á tún kó o jẹ lálẹ́, lẹ fẹ́ lọ wò?”

Mo ní òun gan-an ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ má bínú o. Bàbá mi tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì ní Agodi láyé àtijọ́ máa ń sọ pé ilé ìgbìmọ̀ tí kò bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ jẹ, àga ni yóò fi dìbò.”

Ọ̀rọ̀ bàbá náà jinlẹ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn jókòó ní Ìbàdàn láti dìbò lórí Alhaji Dauda Adégbenró, tí gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, yàn rọ́pò Olóyè S. L. Akíntọ́lá gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Kí ìbò náà tó wáyé ni aṣòfin kan fò sókè, ni ariwo bá sọ, ni àga bá ń fò. Ẹlòmíràn gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ó fẹ́ fi lu Abẹnugan. Tábìlì ló bà, ọ̀pá sì ṣẹ́. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n tún jókòó lẹ́yìn náà, ó tún dàrú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìṣèjọba pàjáwìrì lórí ẹkùn wa, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó. Ohun tó tẹ̀lé e, títí dé ìjà “wẹ́tìẹ̀” àti ìbọn ọdún 1966, kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí ìtàn yìí fi yé wa ni pé níbi tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò bá ti gbàgbọ́ pé wọn yóò ka àtakò wọn, wọn kì í dúró de kíkà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo òfin tó ní kí aṣòfin tí nǹkan kò tẹ́ lọ́rùn dìde, kó sọ ọ́, kí ilé sì dúró gbọ́ ọ. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àtakò tí a gbà láyè ni kì í jẹ́ kí àga fò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ní ẹnubodè, wọn yóò bi àlejò léèrè ẹni tó fẹ́ rí, wọn yóò yẹ àpò rẹ̀ wò, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìjókòó méjì ló wà nínú. Ti àwọn aṣòfin àgbà, àwọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. 109 ni wọ́n, mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan láti Àbújá. Ti àwọn aṣojú-ṣòfin, àwọ̀ ewé ni. 360 ni wọ́n. Nínú ilé méjèèjì, ọ̀pá àṣẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìjókòó tó lè jẹ́ ìjókòó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni àwọn jàǹdùkú kan já wọ ilé àwọn aṣòfin àgbà lójú ọ̀sán gangan, tí wọ́n gbé ọ̀pá náà sá lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i. Ẹ ò rí i pé láti Agodi dé Àbújá, ẹni tó bá fẹ́ ba ìbò jẹ́, ọ̀pá yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò níbẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó wà lórí àga yóò ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Etí rẹ̀ ni yóò fi wọn ohùn méjèèjì. Bó bá ti sọ apá tó borí, yóò lu òòlù igi mọ́ tábìlì, ó parí. Ìbò yìí yá, kò sì gba wàhálà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn kò ní orúkọ. Ẹni mẹ́ta tó lọ́fun lè bo ẹni mẹ́wàá tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì sí ará ìlú tó lè bi aṣojú rẹ̀ pé kí lo wí lọ́jọ́ náà.

Òfin ilé wá fi ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni pé aṣòfin lè dìde lójú ẹsẹ̀, kó ní òun kò gbà pé ohùn tí olórí ilé gbọ́ ni ohùn tó pọ̀ jù. Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ka orí, kí olúkúlùkù sọ ibi tó dúró sí. Ilẹ̀kùn kejì ni pé bí ilé bá fẹ́ yí ohun tó ti pinnu padà, ẹnìkan lè dá àbá pé kí wọ́n wọ́gi lé ìpinnu àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ìgbà mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe gba àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí kọjá.

Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2013. Àwọn aṣòfin àgbà ń ṣàtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Wọ́n dé abala 29, tó sọ bí ọmọ Nàìjíríà tó ti tó ọjọ́ orí ṣe lè kọ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Abala náà ní ẹni ọdún 18 ló tó ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ó fi ìlà kan kún un: obìnrin tó bá ti wà nílé ọkọ, kí a kà á sí ẹni tó tó ọjọ́ orí, bó ti wù kó kéré tó. Ìgbìmọ̀ alátùn-únṣe ní kí wọ́n yọ ìlà náà. Àtúnṣe ìwé òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ́fun. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin àgbà, ìyẹn 73, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n dìbò, iye náà pé, ó tilẹ̀ lé. Ìlà náà ti kú.

Ìgbà náà ni Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima, gómìnà àtijọ́ ní Zamfara, dìde pẹ̀lú àtakò. Ó ní ìwé òfin kan náà, níbi tó ti to iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ti yọ ìgbéyàwó ìlànà Islam àti ti ìbílẹ̀ kúrò lára ohun tí àwọn aṣòfin Àbújá lè fọwọ́ kàn. Ó ní yíyọ ìlà yẹn lòdì sí ẹ̀sìn òun. Olórí ilé nígbà náà, David Mark, jẹ́ kí wọ́n tún ìbò dì. Nígbà kejì yìí, iye náà kò pé 73 mọ́. Ìlà tó ti kú jí dìde nínú ìjókòó kan náà, ó sì wà nínú ìwé òfin wa títí di òní.

Ariwo gba ìlú kan. Ọ̀pọ̀ ní àwọn aṣòfin ti ṣòfin pé kí a máa gbé ọmọdé níyàwó. Àwọn èèyàn gbé àkọlé Child Not Bride kiri. Kí a sọ òtítọ́, wọn kò ṣe òfin tuntun kankan lọ́jọ́ náà, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kò lè ṣàìta ẹni tó ní ọmọbìnrin. Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni pé ìbò kejì kò fún ẹnikẹ́ni lákòókò. Ìyá tó wà ní Sókótó tàbí ní Ṣakí kò tíì gbọ́ pé wọ́n yọ ìlà náà kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ̀tọ́ Sẹ́nétọ̀ náà ni láti tako nǹkan, n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwàǹwára ilé ni mo bá wí.

Ìgbà kejì ni ọdún 2021, lórí òfin ìdìbò. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, Sẹ́nétọ̀ Sabi Abdullahi dá àbá pé kí àjọ INEC tó lè fi ẹ̀rọ fi èsì ìbò ránṣẹ́, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé nẹ́tíwọ̀kì tó káàkiri orílẹ̀-èdè, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin náà sì fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọn ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe, olórí àwọn ẹgbẹ́ alátakò, dìde, ó pe òfin ilé tó jẹ́ nọ́ńbà 73, ó ní àfi kí wọ́n ka orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí, 52 wà lẹ́yìn àbá náà, 28 lòdì sí i, 28 mìíràn kò sì sí níjòókòó.

Àbá tí Abaribe kọ̀ ló borí. Ẹni tó bá wo ojú ọjọ́ náà nìkan yóò ní iṣẹ́ ọkùnrin náà já sí asán. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ti di ti gbogbo ayé. Àwọn ìwé ìròyìn to wọ́n sójú ìwé: ẹni tó gbà, ẹni tó kọ̀, ẹni tó sá. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n léèrè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn aṣòfin àgbà fúnra wọn tún gbé òfin náà yẹ̀ wò, wọ́n sì fi ọ̀nà tí èsì ìbò yóò gbà lọ sílẹ̀ fún INEC láti pinnu. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìdìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022. Ohun tó bá INEC lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Èyí tí mo ń wí ni pé ìbò tí Abaribe pàdánù, òun gan-an ló ṣí ọ̀nà fún ìyípadà, nítorí pé wọ́n kà á, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà kẹta, ẹnubodè ilé náà ni kí ẹ ti wò ó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé méjèèjì dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin, wọ́n sì da àwọn àbádòfin tó kan obìnrin nù. Ọ̀kan nínú wọn rọrùn débi pé ọmọdé yóò lóye rẹ̀. Bí ọkùnrin Nàìjíríà bá fẹ́ obìnrin ilẹ̀ òkèèrè, ìwé òfin wa fún aya náà ní ọ̀nà láti fi ìgbéyàwó di ọmọ Nàìjíríà. Bí obìnrin Nàìjíríà bá fẹ́ ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè, kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tirẹ̀. Àwọn ọmọ wa obìnrin tó wà ní London àti Houston mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Òmíràn ní kí obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ lè pe ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní ti ara rẹ̀. Òmíràn béèrè ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn obìnrin nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́ òṣèlú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pa.

Àwọn obìnrin kò lọ sílé. Wọ́n dé ẹnubodè yẹn, wọ́n dúró. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń padà wá pẹ̀lú orin àti àkọlé lọ́wọ́, tí àwọn aṣòfin sì ń gba iwájú wọn wọlé. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó jọ síwájú ààfin ní ọdún 1947, yóò mọ̀ pé àṣà yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, ilé aṣojú-ṣòfin lábẹ́ Abẹnugan Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà wọ́gi lé ìpinnu tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ kan ṣáájú lórí mẹ́ta nínú àwọn àbádòfin náà, wọ́n ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Ayọ̀ sọ ní ẹnubodè.

Ayọ̀ náà kò jìnnà. Ẹ rántí pé àtúnṣe ìwé òfin gbọ́dọ̀ gba ilé méjèèjì kọjá, lẹ́yìn náà kó tún gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36. Ilé kan ṣoṣo ló yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe 16 ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò sí ìkankan nínú ti àwọn obìnrin níbẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹjọ́ yìí. Àwọn kan ní kí a ti ilẹ̀kùn àtúnyẹ̀wò pa pátápátá, kí ìbò tí wọ́n bá ti dì dúró bí òkè Aso. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àbá ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021 ni ì bá dúró. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀ gbayawu. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìbò kan tí yóò ní ìparí, ẹni tó bá pẹ́ jù nínú ilé ni yóò máa borí. Ní ilé aṣojú ti Amẹ́ríkà, ọ̀nà àárín ni wọ́n gbà: bí wọ́n bá ti ka ìbò, ẹni tó wà ní apá tó borí nìkan ló lè ní kí a tún un dì, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ ìjókòó tó tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ hàn: ẹni tí ọkàn rẹ̀ yí padà ni kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn pàdánù.

Tèmi ni pé ilẹ̀kùn kọ́ ni ẹjọ́ wà. Ilẹ̀kùn kan náà ni ìlà ọdún 2013 gbà padà wọlé, òun náà ni ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin ọdún 2022 gbà wọlé. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá ìlú mọ̀ kí ilé tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyípadà tí wọ́n ṣe kí ìròyìn tó jáde, àwọn tó wà nínú yàrá nìkan ló mọ ẹni tó ń ṣe é fún. Ìyípadà tó dé lẹ́yìn tí orúkọ ti jáde, tí ìlú ti béèrè, tí àwọn obìnrin ti dúró nínú oòrùn, ẹ̀rí ni pé ilé náà ṣì ní etí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún àgbà, bí ó bá jẹ́ pé ojú gbogbo èèyàn ló ti wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹsẹ̀ yín bá dé Àbújá, ẹ má fi mọ sí yíya fọ́tò òrùlé aláwọ̀ ewé. Bí ẹ kò bá sì lè dé ibẹ̀, aṣojú yín máa ń wá sílé nígbà ọdún, ó máa ń jẹ oyè, ó máa ń ṣe ìnáwó. Bí ó bá ti ki yín tán, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò, kí lo wí? Lọ́jọ́ tí wọ́n yí i padà, kí lo wí? Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, àbí ohùn lásán ni? Aṣojú tó bá mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń dúró dè é nílé, kò ní fẹ́ kí wọ́n fi ariwo pa ìbò mọ́ òun lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde pé kí wọ́n ka orí.